Orí 15 Ló Ṣáájú Orí 22

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 15:1–18, Róòmù 4:1–12, Jákọ́bù 2:14–26

Ẹni tó bá ka Róòmù orí 4 láàárọ̀, tó wá ka Jákọ́bù orí 2 lálẹ́ ọjọ́ kan náà, lè rò pé àwọn àpọ́sítélì ń bá ara wọn jà. Pọ́ọ̀lù ní ìgbàgbọ́ ló mú kí Ọlọ́run dá Ábúráhámù láre, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Jákọ́bù ní iṣẹ́ la fi dá a láre, lọ́jọ́ tó gbé Ísáákì ọmọ rẹ̀ sórí pẹpẹ. Ábúráhámù kan náà ni wọ́n ń sọ. Ẹsẹ kan náà, Jẹ́nẹ́sísì 15:6, ni àwọn méjèèjì sì nawọ́ sí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń da àwọn onígbàgbọ́ láàmú. Nígbà tí Martin Luther ń kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí Májẹ̀mú Tuntun tó túmọ̀ sí èdè Jámánì lọ́dún 1522, ó ní bí koríko gbígbẹ lásán ni ìwé Jákọ́bù rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé bíi Róòmù àti Gálátíà. Nígbà tó yá, ó yọ gbólóhùn yẹn kúrò nínú ìwé náà. Ó ṣe dáadáa bó ṣe yọ ọ́.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ ni. Ẹni ọdún 75 ni Ábúrámù, bí Ábúráhámù ṣe ń jẹ́ nígbà náà, nígbà tó kúrò ní Háránì, ọdún mélòó kan sì ti gorí ìyẹn. Ó ti di ọlọ́rọ̀: ó ní màlúù, ó ní fàdákà, ó ní wúrà. Ọmọ ni kò ní. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún Ọlọ́run rárá. Ó ní Élíésérì ará Dámásíkù, tó ń gbé nínú ilé òun, ni yóò jogún òun bí nǹkan bá ń lọ báyìí. Ọlọ́run mú un bọ́ síta, ó ní kó wo ojú ọ̀run, kó wò ó bóyá á lè ka àwọn ìràwọ̀ tán. Iye tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò tó nìyẹn. Ábúrámù gbà á gbọ́. Kò tíì gba ààwẹ̀ kankan, kò jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí yóò san bí ọmọ bá dé, kò sì sí ẹni tó ní kó kọ́kọ́ lọ tún ayé rẹ̀ ṣe. Ó gba Ọlọ́run gbọ́, Ọlọ́run sì ka ìgbàgbọ́ yẹn sí òdodo fún un.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá. Ọlọ́run ní kó mú abo màlúù wá, àti abo ewúrẹ́, àti àgbò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, pẹ̀lú àdàbà kan àti ọmọ ẹyẹlé kan. Ábúrámù la àwọn ẹran náà sí méjì, ó tò wọ́n kí ìlàjì kan dojú kọ èkejì, kò la àwọn ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ló dúró. Àwọn ẹyẹ ajẹran bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé òkú ẹran, ó sì ń lé wọn. Ẹ fojú inú wò ó: bàbá arúgbó tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sí olódodo ló ń ṣọ́ ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, tó ń lé ẹyẹ títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀.

Àṣà ayé ìgbà yẹn ni pé àwọn tó bá fẹ́ bá ara wọn dá májẹ̀mú á gba àárín ẹran bẹ́ẹ̀ kọjá. Jeremáyà 34:18–20 jẹ́ ká mọ ohun tó túmọ̀ sí: ẹni tó bá da májẹ̀mú yẹn, kí ojú rẹ̀ rí ohun tí ojú ẹran rí. Ó yẹ kí Ábúrámù kọjá níbẹ̀, kí òun náà búra. Ṣùgbọ́n oorun ìjìkà kùn ún, òkùnkùn tó ba ni lẹ́rù bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, ìkòkò tó ń rú èéfín àti ògùṣọ̀ tó ń jó ló gba àárín ẹran kọjá. Ọlọ́run nìkan ló kọjá. Ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ègún tó wà nínú májẹ̀mú náà, kò sì ní kí Ábúrámù dìde wá gbé díẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò mọ ibi tí Májẹ̀mú Láéláé ti fi oore-ọ̀fẹ́ hàn wá ju ibí yìí lọ.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ ṣàlàyé ìtàn yìí fún àwọn ará Róòmù, ìbéèrè tó bi wọ́n dà bí èyí tí ọmọdé lè béèrè: ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Ábúráhámù ti kọlà nígbà náà ni, àbí kò tíì kọlà? Ìdáhùn wà nínú ìwé. Ní orí 15 ni Ọlọ́run ti kà á sí olódodo. Ní orí 16, ẹni ọdún 86 ni nígbà tí Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin ìyàwó rẹ̀, bí Íṣímáẹ́lì fún un. Ní orí 17 ló tó kọlà, ó ti di ẹni ọdún 99, Íṣímáẹ́lì sì ti pé ọdún 13 lọ́jọ́ tí bàbá àtọmọ jọ kọlà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ó kéré tán, ọdún 13 ni Ábúráhámù fi jẹ́ aláìkọlà tó sì jẹ́ olódodo níwájú Ọlọ́run. Kí wá ni ẹnikẹ́ni á fi sọ pé láìkọlà kò sí ìgbàlà?

Pọ́ọ̀lù tún ṣe irú ìṣirò yìí kan náà fún àwọn ará Gálátíà. Ó ní 430 ọdún lẹ́yìn ìlérí ni Òfin tó dé. Ohun tó pẹ́ kó tó dé kò lè wá fagi lé ohun tó bá nílẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń yọ àwọn ará Gálátíà lẹ́nu pé kí wọ́n kọlà kì í ṣe aláìmọ̀wé, mo gbà pé wọ́n mọ Jẹ́nẹ́sísì dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni wàhálà wọn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 17, ọ̀bẹ ìkọlà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 12 á rí Ọlọ́run tó ń pe ẹni tí kò pè é.

Bó ṣe yẹ ká máa ka Ìwé Mímọ́ nìyẹn, pé ká béèrè ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ṣáájú, kí ló tẹ̀ lé e. Ẹ wo Jeremáyà 29:11, ẹsẹ tí kò wọ́n lára kàlẹ́ńdà ọdún tuntun àti lẹ́yìn ọkọ̀ èrò, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé èrò rere lòun ń rò sí àwọn èèyàn òun. Òótọ́ ni ẹsẹ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni Jeremáyà kọ ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì, ẹsẹ 10 sì ti sọ fún wọn pé ó di ẹ̀yìn 70 ọdún kí Ọlọ́run tó mú wọn padà sílé. Ọ̀pọ̀ àgbà tó gbọ́ lẹ́tà náà ló mọ̀ pé Bábílónì lòun yóò kú sí. Ó ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n dá oko, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú tó kó wọn lẹ́rú. Ta ló fẹ́ lẹ ìyẹn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀?

Àwọn baba wa tó kọ́kọ́ ka Ìwé Mímọ́ lédè Yorùbá ní àwáwí tí àwa ò ní. Ìwé Róòmù tí Samuel Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde lọ́dún 1850, ó sì di inú àwọn ọdún 1880 kí odindi Bíbélì tó wà lédè wa. Ẹni tó ní Róòmù lọ́wọ́ nígbà náà lè máa ka orúkọ Ábúráhámù láìtíì rí ìtàn rẹ̀ kà. Gbogbo rẹ̀ pátá ló wà lórí fóònù wa lónìí. Ẹsẹ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń kà, ó tún parí.

Àwọn àgbà tó mọ bí ìwọ̀fà ṣe ń rí láyé àtijọ́ kò ní pẹ́ lóye ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nípa owó iṣẹ́ àti ẹ̀bùn ní Róòmù 4:4. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀, ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Ìwọ̀fà á máa lọ sóko olówó, á kọ ebè, á ro oko. Èlé ni gbogbo òógùn yẹn. Ebè kan ṣoṣo kò dín owó náà kù. Bó sìn ín fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ṣì wà lọ́rùn ilé wọn, àfi bí ẹnì kan bá kó owó náà jáde, tó san án pátá. Bí ìwọ̀fà gan-an ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ṣe ń sin Ọlọ́run. Ìṣọ́ òru kì í fò wọ́n, ààwẹ̀ wọn kì í yẹ̀, ìdámẹ́wàá wọn pé, síbẹ̀ ọkàn wọn kò balẹ̀. Àlá burúkú kan ṣoṣo á mú kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé Ọlọ́run ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ti ń san bọ̀. Ẹ̀yin ará, wọ́n ti san owó náà. Ẹni tó gba àárín ẹran kọjá lóru ọjọ́ yẹn ló gbé ara èèyàn wọ̀, tí ègún tó kó lé ara rẹ̀ sì ṣẹ mọ́ ọn lára lórí igi àgbélébùú ní ẹ̀yìn odi Jerúsálẹ́mù. Ẹ gbà á gbọ́, kí ọkàn yín balẹ̀.

Jákọ́bù ńkọ́?

Ohun tí mo bi Jeremáyà ni màá bi òun náà: ta lò ń bá wí? Àwọn tó fẹ́ fi ìkọlà kún ìgbàgbọ́ ni Pọ́ọ̀lù dojú kọ. Àwọn tí Jákọ́bù dojú kọ kò fẹ́ kí ohunkóhun jáde látinú ìgbàgbọ́ rárá. Ó mú àpẹẹrẹ wá: arákùnrin tàbí arábìnrin kan kò láṣọ, kò rí oúnjẹ òòjọ́. Ẹnì kan nínú ìjọ sì fi ọ̀rọ̀ àlàáfíà rán an sílé lọ́wọ́ òfo. Jákọ́bù ní ìgbàgbọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sàn ju ti àwọn ẹ̀mí èṣù lọ, tí wọ́n mọ̀ dájú pé Ọlọ́run kan ló wà, tí wọ́n sì ń gbọ̀n. Tèmi tiẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀mí èṣù sàn jù ú lọ. Àwọn ń gbọ̀n. Òun ò gbọ̀n.

A mọ irú ìgbàgbọ́ yẹn lọ́jà. Ìsọ̀ gàrí kan wà, wọ́n lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ara pákó rẹ̀, orin ẹ̀mí ń dún nínú rédíò kékeré. Bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ìdí kọ́ńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí náà. Wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú, ó wọlé tó ìka kan. Gàrí á yọrí lókè, wọ́n á tún fi ọwọ́ bù díẹ̀ sí i bí ẹni ń ta ọrẹ, oníbàárà á dúpẹ́, á sì délé kó tó rí i pé kò pé. Onísọ̀ yẹn lè sọ ọdún tó di àtúnbí, ó lè sọ oṣù, ó lè sọ oníwàásù tó wàásù lọ́jọ́ náà. Jákọ́bù kò ní bi í léèrè ọjọ́. Á ní kó gbé kọ́ńgò wá.

Pọ́ọ̀lù náà kò ní sọ ohun tó yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn ará Gálátíà pé ìgbàgbọ́ tí ìfẹ́ ń mú ṣiṣẹ́ ló já mọ́ nǹkan. Éfésù 2:8–9 tí a há sórí, pé oore-ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́, ẹsẹ 10 wà nídìí rẹ̀, ẹsẹ 10 sì ní torí iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run ṣe dá wa nínú Kristi. Nínú Gálátíà 2:9 ẹ̀wẹ̀, Pọ́ọ̀lù sọ pé Jákọ́bù wà lára àwọn tó bọ òun lọ́wọ́ ní Jerúsálẹ́mù gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́. Àwọn tí a rò pé wọ́n ń jà ti bọ ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́.

Ẹ tún wo ohun tí Jákọ́bù sọ nípa Ísáákì dáadáa. Kò sọ pé ọjọ́ orí òkè Móráyà ni Ábúráhámù di olódodo. Ó ní lọ́jọ́ náà ni ohun tí ìwé ti sọ nípa rẹ̀ ṣẹ. Orí 15 ni ìwé ti sọ ọ́, orí 22 ló ṣẹ. Ísáákì tí wọn ò tíì bí ní orí 15 ti dàgbà débi pé ó ru igi ẹbọ gun òkè ní orí 22. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọdún tó wà láàárín yóò lé ní ogún dáadáa.

Inú àwọn ọdún yẹn ni jíjẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn wà, wọn ò sì dùn ún kà tó orí 22. Ábúráhámù gba ìmọ̀ràn Sárà ìyàwó rẹ̀, ó mú Hágárì, ilé gbóná, aboyún sá lọ sínú aginjù. Nígbà tí Ọlọ́run tún sọ̀rọ̀ ọmọ, ó dojú bolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ní orí 18, ó bá Ọlọ́run dúnàádúrà lórí Sódómù, ó gbé e láti àádọ́ta olódodo wá sí mẹ́wàá, ìgboyà tí mo rò pé kò sí irú ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Orí méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ó dé Gérárì, ó ní arábìnrin òun ni Sárà, irọ́ kan náà tó ti pa ní Íjíbítì ní orí 12. Ọlọ́run kò torí rẹ̀ wọ́gi lé ohun tó sọ ní orí 15. Ṣùgbọ́n kò bò ó mọ́lẹ̀ fún un. Ọba Gérárì ló pè é, tó bá a wí, ó sì tọ́ sí i. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé lójú àlá tí Ọlọ́run ti kìlọ̀ fún ọba náà, wòlíì ló pe Ábúráhámù, ó ní yóò gbàdúrà fún ọba náà. Òpùrọ́ àná ló gbàdúrà, ilé ọba sì rí ìwòsàn.

Ọlọ́run kọ́ Ábúráhámù ní gbogbo ọdún yẹn débi pé, nígbà tí ohùn náà tún dé, pé kó fi Ísáákì rúbọ, ó dìde ní kùtùkùtù, ó di gàárì sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó la igi fúnra rẹ̀, ó rìn débi tó fi rí òkè náà lọ́ọ̀ọ́kán lọ́jọ́ kẹta. Hébérù 11:19 ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé Ọlọ́run lè jí òkú dìde. Ìgbàgbọ́ orí 15 yẹn náà ni. Ó ti dàgbà ni.

Ìdí nìyí tó fi máa ń dùn mí bí oníwàásù bá dúró lórí pẹpẹ, tó ní kí ìjọ lọ mú Ísáákì wọn wá, kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Ìyá tó ń ta ata á lọ kó owó ilé tó fẹ́ san fún onílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin á kó owó iléèwé rẹ̀. Wọ́n ti gbé orí 22 kúrò lẹ́yìn orí 15, wọ́n fi ta ọjà. Ábúráhámù kò fi Ísáákì ra nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti di olódodo kí wọ́n tó bí Ísáákì. Bákan náà, Ísáákì bá bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàyè, Ọlọ́run ló sì pèsè àgbò tí wọ́n fi rúbọ. Wọn kì í sábà wàásù débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ ìbùkún Ábúráhámù di ọkọ̀ àti ilé, nígbà tí Gálátíà orí 3 ti sọ ohun tó jẹ́: pé kí àwọn orílẹ̀-èdè rí ìdáláre nípa ìgbàgbọ́, kí wọ́n sì gba ìlérí Ẹ̀mí.

Ẹ wá àyè lónìí, kí ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì láti orí 12 títí dé 22 ní ìjókòó kan, láìfò orí 16, láìfò orí 20. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé iṣẹ́ òun kò tíì tó, ẹ dúró pẹ́ ní orí 15. Bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan nínú ìjọ yín tí kò rí oúnjẹ jẹ, ẹ gbé oúnjẹ lọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ lè gbàdúrà fún un nígbà tó bá jẹun tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ yí kọ́ńgò yín padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀.